Ọ̀kadà oníbátìrì lójú ọ̀nà oko: kí Ìkirè àti Àpòmù tètè dáhùn kí Òṣogbo àti Àbújá tó dáhùn fún wọn

Kẹ̀kẹ́ ni àbí ọ̀kadà ni? Ìbéèrè yìí jọ ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún 10 tí wọ́n ti ń bá ara wọn fà á ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ohun tó dá a sílẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè, tí wọ́n wá ki bátìrì àti mọ́tò sí lára. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó, àwọn tó ń gẹṣin, àti àwọn tó ń fi agbára ẹsẹ̀ ara wọn wa kẹ̀kẹ́ ń bèèrè pé: ṣé ẹ̀rọ yìí lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀nà tóóró tí wọ́n là fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa sọ pé, "Kí ló kàn wá kan òyìnbó tó ń ṣeré lórí òkè?" Ó kàn wá o. Lọ́dọ̀ tiwọn, eré ìdárayá ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà tóóró ni kòkó ń gbà jáde lóko, òun náà ni aláìsàn ń gbà dé ọsibítù. Ọ̀kadà ló ń ná ọ̀nà yẹn báyìí, ọ̀kadà oníbátìrì sì ti wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ó ti wọ Nàìjíríà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tó bá dé ọ̀nà oko Ìkirè àti Àpòmù, ta ló máa sọ ibi tó lè gbà àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ gbà?

Èrò tèmi nìyí: kí àwọn ìlú méjèèjì yìí tètè jókòó sọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n sì bèèrè ìbéèrè tó tọ́. Òfin wa ti mọ́ ọn lára láti máa bèèrè ohun tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ̀rọ náà máa ṣe sí ọ̀nà, àti sí ẹni tó bá pàdé lójú ọ̀nà, ló yẹ ká máa bèèrè.

Bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ náà lókè òkun

Ní 2015, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin tó pín kẹ̀kẹ́ oníbátìrì sí ìpele 3. Ìpele kìíní, mọ́tò kàn ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ni, á sì dákẹ́ tí eré bá ti pé máìlì 20 láàárín wákàtí kan. Ìpele kejì, èèyàn lè lọ́ ọwọ́ rẹ̀ bíi ti ọ̀kadà láìfi ẹsẹ̀ yí i rárá, ṣùgbọ́n máìlì 20 yẹn náà ni òpin rẹ̀. Ìpele kẹta, ẹsẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́ bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó lè dé máìlì 28. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà ló ti wo ìlànà yìí kọ́ tiwọn.

Ní Yúróòpù, agbára mọ́tò kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 250 lọ, eré rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan. Èyí tó bá ti kọjá ààlà yẹn ti kúrò ní kẹ̀kẹ́ lójú òfin. Ìlú Ọba náà ń lo wáàtì 250 yẹn, wọ́n sì ní ẹni tó máa wà á gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 14.

Tó bá wá kan ọ̀nà inú igbó gan-an, àwọn àjọ Amẹ́ríkà fúnra wọn ò sọ ohun kan náà. Ní oṣù kẹjọ 2019, David Bernhardt, ẹni tó ń darí iléeṣẹ́ ìjọba tó ni àbójútó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ti orílẹ̀-èdè náà, pàṣẹ pé kí àwọn àjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ní ibi tí kẹ̀kẹ́ lásán bá ti lè gbà. Àjọ tó ń tọ́jú igbó ìjọba, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, ní tiwọn, ọkọ̀ onímọ́tò ni àwọn kà á sí, ọ̀nà ọlọ́kọ̀ ni kó gbà àyàfi tí àwọn bá dìídì ṣí ọ̀nà mìíràn fún un. Ẹ wò ó: ẹ̀rọ kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, tẹ́ ẹ bá kúrò nínú igbó kan bọ́ sí èkejì, orúkọ rẹ̀ ti yí padà.

Ẹ̀rí kan wà tó yẹ ká gbé yẹ̀ wò. Ní 2015 kan náà, ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ òkè lágbàáyé, IMBA, gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nínú igbó kan ní Oregon. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ lásán, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ti ìpele kìíní, àti alùpùpù gba ọ̀nà kan náà, wọ́n sì wọn bí ilẹ̀ ṣe ṣí kúrò láyè rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ lásán àti kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Alùpùpù ló hú ilẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ dáadáa. Ká rántí pé ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ló ṣe ìwádìí náà, igbó kan ṣoṣo sì ni. Síbẹ̀, ó fi nǹkan kan hàn wá: bí ẹ̀rọ ṣe wúwo tó àti bó ṣe lágbára tó ló ń pinnu ohun tó máa ṣe sí ilẹ̀. Bóyá epo ló ń mu tàbí iná, ilẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀

Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù ni ti Ìṣọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ ọ̀nà yẹn, ó kéré tán ó mọ dòdò Ìkirè dúdú tó ń ta ẹnu yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń gbé Ìbàdàn tàbí Èkó ò mọ̀ ju etí títì lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi dín dòdò yẹn ò hù sétí títì.

Ẹ̀yìn títì ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn abúlé wà níbẹ̀ tí oko kòkó, obì, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí ká. Igbó ọba ti Àgọ́-Òwu náà wà ní agbègbè yẹn. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ìlú, òmíràn fẹ̀ tó kí mọ́tò gbà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òmíràn ò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ méjì lọ. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mọ́tò ò ní lọ mọ́. Ọ̀kadà nìkan ló kù, òun náà á sì máa yọ̀ tẹ̀rẹ́.

Àpò kòkó gbígbẹ kan lé ní kílò 60. Ọ̀kadà lè gbé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó tún gbé ẹni tó ni ín sáàárín. Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí iye kòkó lágbàáyé kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan, gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ owó kòkó. Ìwọ̀nba èèyàn ló sọ̀rọ̀ ọlọ́kadà tó ń gbé e jáde nínú ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló so igi kòkó pọ̀ mọ́ ọjà ayé. Aláboyún tí ọmọ mú lóru, ọmọ ilé ìwé tó ń lọ ṣe ìdánwò, ìyá tó fẹ́ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sọ́jà, ọ̀kadà kan náà ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Kí ọ̀kadà tó dé, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láyé ìjọba amúnisìn, àgbẹ̀ tí kòkó bá bu owó fún ló ń ra Raleigh, àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ sì ń gba owó láísẹ́ǹsì lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tó yá, alùpùpù akérò dé, àwọn èèyàn sì fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú pè é: Okada Air, iléeṣẹ́ tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983 tó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ní Ẹdó sọ. Báyìí, bátìrì ló kù tó ń bọ̀. Ọ̀nà oko ti yí ẹni tó ń ná an padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kẹta ni à ń sọ yìí.

Àbí ẹ rò pé kò ní dé?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ráńpẹ́. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, lítà epo bẹntiróòlù ò tó N200 ní ilé epo ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti tó N1,000. Ọ̀kadà kékeré máa ń mu bíi lítà méjì àbọ̀ kó tó rin kìlómítà 100. Ìyẹn N2,500. Ọ̀kadà oníbátìrì máa ń lo bíi yúnítì mẹ́rin fún kìlómítà 100 kan náà. Tí àdúgbò yín bá wà ní Band A, tí wọ́n sọ yúnítì di N225 ní oṣù kẹrin 2024, N900 nìyẹn. Ẹ ò tíì ka owó ọ́ìlì, ẹ ò sì tíì ka pọ́lọ́ọ̀gì. Ọlọ́kadà tó bá rí ìṣirò yìí ò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù ojú ọjọ́ fún un.

Àwọn aládùúgbò wa ti bẹ̀rẹ̀. Spiro ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò láti 2022, àwọn zémidjan Kútọnu ń gbé bátìrì tó ti tán fún wọn, wọ́n ń gba èyí tó kún, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ní Rùwáńdà, ìjọba ní láti oṣù kìíní 2025, ọ̀kadà akérò tuntun tí wọ́n bá fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kigali gbọ́dọ̀ jẹ́ oníbátìrì. Níbí, MAX tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2015, tó sì ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ti gbé ọ̀kadà oníbátìrì jáde. Láti Ìbàdàn sí Ìkirè, ẹ mọ̀ pé kò jìn.

Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: iná dà? Òótọ́ ni. Band A yẹn, wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún un, Band E, wákàtí 4. Abúlé tí wáyà iná ò dé rárá ò sí nínú Band kankan. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá kú lọ́nà oko, kò sí ẹni tó máa bu lítà kan sínú ike fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé etí títì ló máa kọ́kọ́ dé, láti garéèjì sí ọjà, láti ọjà sí Yunifásítì Ọ̀ṣun tó ní ọgbà ní Ìkirè. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń fi sólà fa omi, wọ́n sì ń fi lọ ata. Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù kan ní abúlé bá ti lè fi sólà kún bátìrì méjì mẹ́ta, ọ̀nà oko ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Òfin tó ń ka ẹ́ńjìnnì

Ibí yìí ni wàhálà gidi wà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, sọ iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Fífún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré, wílíbárò àti ọmọlanke ní láísẹ́ǹsì wà níbẹ̀. Kíkọ́ ọ̀nà àti títún un ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Alùpùpù ní tiẹ̀, nọ́ḿbà ìpínlẹ̀ ló ń gbé kiri, òfin ìrìnnà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń mú lò ló sì ń tẹ̀ lé.

Ó dáa, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ńkọ́? Èyí tó ní ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ yí, tó tún ní mọ́tò? Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ Irewọlé àti Ìṣọ̀kan ni. Tó bá jẹ́ alùpùpù, ọ̀rọ̀ Òṣogbo àti Àbújá ni. Ẹni tó bá sọ orúkọ ẹ̀rọ náà ló máa gba owó láísẹ́ǹsì rẹ̀, òun náà ló sì máa sọ ibi tó lè gbà. Ìjà orúkọ ni, ṣùgbọ́n owó àti àṣẹ wà lábẹ́ rẹ̀.

Èkó ti fi hàn wá bí òfin tó ń ka ẹ́ńjìnnì ṣe rí. Òfin 2012 lé ọ̀kadà akérò kúrò ní ọ̀nà 475. Wọ́n fàyè gba àwọn tó ń jíṣẹ́ ẹrù tí ẹ́ńjìnnì wọn bá tó 200cc. Mọ́tò oníná ò ní cc rárá! Wáàtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ọlọ́pàá bá dá ọmọkùnrin kan dúró lórí ọ̀kadà oníbátìrì tó ní 200cc dà, kí ni kó dáhùn? Bó bá jẹ́ ẹ̀mí ọlọ́pàá yẹn dára, ẹ̀rín ni. Bí kò bá dára, owó ni, tàbí kí ọ̀kadà sùn sí tẹ́ṣàn.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó àwọn èèyàn. Ní 2019, Gokada kó dọ́là mílíọ̀nù 5.3 jọ lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, MAX kó mílíọ̀nù 7. Wọ́n ra ọ̀kadà, wọ́n dá àwọn ọlọ́kadà lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fún wọn ní akoto. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, ìfòfindè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Gokada sì sáré yí iṣẹ́ padà sí gbígbé ẹrù. Ní 2022, lẹ́yìn tí wọ́n pa David Imoh ní Lẹ́kkí ní oṣù karùn-ún, ìfòfindè tún le sí i ní oṣù kẹfà. Wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ 4 kún un ní oṣù kẹsàn-án. Ikú ọmọkùnrin yẹn dun gbogbo ayé, ó sì yẹ kí ìjọba ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin bá dé lẹ́yìn ikú, kì í yà ọ̀kan sọ́tọ̀ mọ́, gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló máa ń gbá dànù. Ọ̀kadà oníbátìrì àti oníbẹntiróòlù, ọ̀daràn àti baba ọlọ́mọ mẹ́rin, gbogbo wọn á jọ bá a lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún ọ̀nà oko nìyẹn. Ní oṣù keje 2022, Abubakar Malami, tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, sọ fún àwọn oníròyìn pé ìjọba àpapọ̀ ń ronú àtifòfin de ọ̀kadà káàkiri orílẹ̀-èdè nítorí ètò ààbò. Wọn ò ṣe é. Ká ní wọ́n ṣe é ńkọ́? Nínú oko kan lẹ́yìn Àpòmù, kí ni ì bá rọ́pò rẹ̀?

Ohun tí ọ̀nà oko ń bẹ̀rù ní tòótọ́

Ká fi cc sílẹ̀. Tí mo bá ní kí n to ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́nà tóóró, mẹ́rin ni mo rí.

Ìkíní ni ìwúwo. Àpò kòkó méjì àti èèyàn méjì lórí ọ̀kadà nínú òjò ló ń gbẹ́ kòtò tí omi máa ń gbà. Bátìrì ò ní mú ìyẹn kúrò. Ọ̀kadà oníbátìrì fúnra rẹ̀ kò fúyẹ́. Ẹni tó bá ń sọ pé "kò ní èéfín, ẹ jẹ́ kó gba ibikíbi" kò tíì wo ilẹ̀.

Ìkejì ni eré. Lójú ọ̀nà tóóró, ìyá arúgbó tó ru igi lórí ò lè fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré tiẹ̀ àti eré ọlọ́kadà ló ń pani. Òun gan-an ni ẹjọ́ tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rò ní California.

Ìkẹta, èyí tí ọ̀pọ̀ ò rò: ìdákẹ́jẹ́. Gbogbo wa ń yin ọ̀kadà oníbátìrì pé kì í pariwo. Ní Ìkẹjà, ìyìn ni. Ní ọ̀nà oko, ariwo ni fèrè. Kọ́nà kún inú oko kòkó, ewé bo ojú, etí lèèyàn fi ń mọ̀ pé ọ̀kadà ń bọ̀. Ọmọdé tó ń ti odò bọ̀ ń gbọ́ ọ kó tó rí i.

Ìkẹrin tan mọ́ ọn: ààbò. Lásìkò tí ìjínigbé gbilẹ̀ yìí, àgbẹ̀ àti ọlọ́dẹ máa ń tẹ́tí sí ọ̀kadà àjèjì lóru. Láti oṣù kìíní 2020 tí wọ́n ti gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀kadà wà lára ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà fi ń wọ igbó. Ẹ̀rọ tí kò dún lè ran ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Ó tún lè ran olè lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí òfin 200cc máa wò sàn. Òfin tó ń ka ìwúwo, eré àti ohùn, tó sì mọ ẹni tó ni ẹ̀rọ, ló lè wò ó.

Ta ló máa ṣe é?

Ìṣòro tó le jù nìyí, mi ò sì ní fi bò. Ìjọba ìbílẹ̀ tó yẹ kó ṣe é ti wà nínú wàhálà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. A yọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì 2025, ìjà lórí ta ló ni sẹkitéríàtì káńsù bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun, ẹ̀mí ṣòfò, Ìkirè sì wà lára ibi tó ti gbóná. Owó tó yẹ kó máa ti Àbújá wá fún àwọn káńsù Ọ̀ṣun dúró. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjì bá ń jà lórí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, ta ló máa ráyè ọ̀nà oko?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀nà ò fìgbà kan dúró de ọ́fíìsì ní agbègbè yìí. Àpòmù jẹ́ ọjà ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ibi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí àwọn oníṣòwò gbé ní ọjà àti lójú ọ̀nà rẹ̀, tí ìjà lórí atare sì kún un, ó wà lára ohun tó yọrí sí ogun Òwu ní nǹkan bí 1821. Òwu fọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà kéré, kó lọ bi ọmọ Òwu léèrè.

Nítorí náà, ibi tí mo rò pé a lè ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, kò sì gba owó Àbújá. Kí àwọn ọba àti baálẹ̀, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti àwọn ìyá ọlọ́jà Irewọlé àti Ìṣọ̀kan jókòó, kí wọ́n pín ọ̀nà oko sí oríṣi mẹ́ta: èyí tí gbogbo ọ̀kadà lè gbà nígbàkígbà, èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbẹ́rù wúwo gbà nínú òjò, àti èyí tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ nìkan, bíi ọ̀nà odò àti ọ̀nà ilé ìwé. Kẹ̀kẹ́ tó bá ṣì ń fẹ́ kéèyàn fi ẹsẹ̀ yí i, tí eré rẹ̀ ò sì ju kìlómítà 25 lọ, kí wọ́n pè é ní kẹ̀kẹ́, kí káńsù fún un ní láísẹ́ǹsì olówó pọ́ọ́kú bíi ti ayé Raleigh. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kadà ni, ì báà mu epo, ì báà mu iná. Kí oníbátìrì máa fọn fèrè ní kọ́nà, kó sì tan iná ní ọ̀sán àti òru. Kí gbogbo ọ̀kadà tó bá ń wọ oko ní nọ́ḿbà ńlá tí abúlé lè kà. Kí owó díẹ̀ lórí àpò kòkó kọ̀ọ̀kan máa lọ sí dídí kòtò, kí wọ́n sì lẹ iye tó wọlé àti iye tí wọ́n ná mọ́ ara ògiri ọjà kí gbogbo ayé rí i.

Àwọn kan á ní, "Èyí náà á di owó agbèrò." Ẹ̀rù yẹn tọ́. A ti rí tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ ju èrò lọ ní garéèjì wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí wọ́n lẹ ìṣirò mọ́ ògiri, kó sì má jẹ́ ẹgbẹ́ ọlọ́kadà nìkan ni yóò di owó náà mú. Àwọn mìíràn á ní ká dúró kí ẹ̀rọ náà dé ná. Àwọn tó dúró ní Èkó, ẹ bi wọ́n bí oṣù kejì 2020 ṣe rí.

Àwọn tún wà tó máa ní òfin ò wúlò níbi tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ lé e. Ẹ rántí oṣù kìíní 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú òfin akoto, tí àwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá àti ìkòkò sórí. A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: òfin yẹn wá láti òkè, owó akoto ò sí lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ẹnikẹ́ni ò sì bi í. Èyí tí àwọn tó ń ná ọ̀nà bá fúnra wọn ṣe, tí ìyá tó ń ru igi mọ̀, tí ọlọ́kadà fọwọ́ sí, ó nira kí wọ́n dé igbá lé e.

Àwọn tó ń jà lórí òkè ní Amẹ́ríkà ní ààyè láti jà fún ọdún 10, nítorí ẹni tó bá pàdánù ọ̀nà kan níbẹ̀, eré ìparí ọ̀sẹ̀ ló pàdánù. Lẹ́yìn Ìkirè àti Àpòmù, ẹni tó bá pàdánù ọ̀nà, kòkó rẹ̀ á bu nínú oko.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko tàbí òbí ní agbègbè yẹn, ẹ pè wọ́n lónìí, kí ẹ bi wọ́n: ọ̀nà wo ni wọn ò fẹ́ kí ọ̀kadà kankan gbà, èwo ni wọn ò sì lè ṣe láìsí ọ̀kadà? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sísàlẹ̀ níbí, pẹ̀lú orúkọ abúlé. Tó bá pọ̀ tó, màá tò ó jọ, màá sì gbé e lọ fún káńsù méjèèjì, ẹni yòówù kó jókòó sórí àga níbẹ̀.